Kọ́kọ́rọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá Sachiko

Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí kan wà ní pálọ̀ wa ní Ìbàdàn tí ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ kàn. Inú rẹ̀ ni ìyá mi kó àwọn abọ́ tánganran wọn sí: ife tíì olódòdó, àwo pẹrẹsẹ, abọ́ ọbẹ̀ tó ní ọmọrí. Bí àwa bá fẹ́ jẹun, abọ́ ike ni. Àwọn ti inú dígí ń dúró de àlejò pàtàkì, àlejò náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yà. Nígbà tí mo ṣe ìgbéyàwó, wọ́n fún èmi náà ní ohun èlò tíì kan, mo sì tò ó sínú dígí tèmi. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo kó ẹrù, mo fi ilé sílẹ̀ lọ bá ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, n kò mu tíì nínú ife yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fà á lé lọ́wọ́. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì tò ó sínú dígí tiwọn.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ohun tí mo ṣe ní Fort Washington, ní Amẹ́ríkà ọ̀hún, lè yé yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rò pé orí mi kò pé.

Lanham, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni Kúnlé ọmọ mi ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti Tósìn, ọmọbìnrin wọn kékeré. Nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí a ṣì ń ha káàdì kí a tó lè pe ilé. Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oníkálukú á wọ mọ́tò, ó di ìrọ̀lẹ́. Èmi àti fíríìjì la jọ máa ń wà nílé. Òun nìkan ló ń dá mi lóhùn. Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan pé kí n kí ẹni tó bá ń kọjá. Ajá kan kọjá, ó mú olówó rẹ̀ dání lókùn, tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe tọ́: olówó rẹ̀ ló mú un dání. Ajá náà wò mí. Olówó rẹ̀ kò wò mí.

Ní báńkì, ọmọbìnrin kan tí mo lè kọ́ ní ábídí pe orúkọ mi gan-an, orúkọ tí bàbá mi sọ mí, láìfi "Mọ̀mí" tàbí "Ìyá" ṣíwájú rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn òbí mi ló jí dìde. Nílé, mo ní kí Tósìn kúnlẹ̀ kí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ àga. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé wọ́n ń wá àgbàlagbà tó lè máa bá ìyá kan gbé ní Fort Washington, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Inú Kúnlé kò dùn sí i.

"Mọ̀mí, kì í ṣe iṣẹ́ lẹ bá wá síbí o. Kí ni àwọn èèyàn máa sọ?"

"Èwo nínú àwọn èèyàn?" ni mo bi í. "Láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò tíì rí ẹnì kankan."

Jàpáànù ni wọ́n ti bí ìyá náà, Màmá Sachiko. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, aláwọ̀ dúdú, tó ń jẹ́ Walter, ló fẹ́ wọn lọ́hùn-ún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, tó sì mú wọn wá sílé. Walter ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ilé wọn kò jìnnà sí odò Potomac. Bí ewé bá ti ń já, a máa ń rí omi láàárín igi láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. Denise ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Wáṣíńtọ́ọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń sáré wá wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí mo dé, Màmá Sachiko tẹrí ba fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà kúnlẹ̀. Wọ́n rí i pé mo kúnlẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ sí i. Mo rí i pé wọ́n tẹ̀ sí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Denise ní, "Ẹ̀yin ìyá méjèèjì, ṣé ẹ máa dìde kí òtútù tó wọlé?"

Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Láti ìgbà tí Dádì ti kú, wọn kì í jẹun dáadáa mọ́. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Kí wọ́n ṣáà jẹun."

Mo rẹ́rìn-ín nínú. Ṣé obìnrin Yorùbá ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó fún ènìyàn lóúnjẹ?

Màmá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe nílé. Mo ní olùkọ́ ni mí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní "Sensei". Tíṣà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kò lè mọ bí ó ti dùn tó létí ẹni tí wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ ní ìhòòhò káàkiri ìlú.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe wá nìyí. Bí mo ṣe wọ ilé ìdáná, mo rí abọ́ bíi mélòó kan tí wọ́n dojú dé létí sínkì. Ẹ má pè wọ́n ní ìkòkò o. Abọ́ ni wọ́n, abọ́ ìjẹun, ṣùgbọ́n amọ̀ ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ wọ́n, kì í ṣe ẹ̀rọ. Òmíràn ní àwọ̀ eérú, òmíràn pupa rúsúrúsú bí èèpo iṣu tí wọ́n sun. Omi dídán tí wọ́n fi kùn wọ́n ti ṣàn sílẹ̀, ó dúró kí ó tó dé ìdí, ẹ ó sì rí ipa ìka amọ̀kòkò níbi tó ti dì wọ́n mú. Ká sọ òtítọ́, wọn kò gún régé. Bí ọmọ kíláàsì mi bá ya òbìrípo tó rí bẹ́ẹ̀, màá ní kó pa á rẹ́ kó tún un yà.

Síbẹ̀, mo mọ ohun iyebíye bí mo bá rí i. Ohun tí ìyá arúgbó gbé ti ìlú wọn wá, létí sínkì! Mo fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nù wọ́n gbẹ, mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí tó wà ní yàrá ìjẹun, mo tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ tèmi kó má baà sọnù. Màmá dúró, wọ́n ń wò mí. Wọ́n tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ ṣé, Sensei."

Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Láti ọjọ́ náà, àwo ike ńlá ni mo fi ń bu oúnjẹ fún Màmá. Mo se ìrẹsì, mo se ẹja, mo se ẹ̀fọ́ láìní ata. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á jẹ bíi ṣíbí méjì, wọ́n á dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi á wá lọ jẹ tèmi ní ilé ìdáná lórí ìdúró, nítorí mo gbà pé ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kì í bá olówó iṣẹ́ jókòó.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ilé Bàbá Rẹ̀mí, aládùúgbò wọn, ni wọ́n ti máa ń gba ìpè, nítorí ibẹ̀ ni tẹlifóònù wà. Gbogbo pálọ̀ náà ló sì máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá yìí kò jẹun o."

"Àbí ata rẹ ló pọ̀ jù?"

"N kò fi ata sí i rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ohun tó fà á nìyẹn! Ta ló ń jẹ oúnjẹ aláìní ata?" Mo gbọ́ tí Ìyá Rẹ̀mí ń sọ nǹkan lẹ́yìn wọn. "Ìyá Rẹ̀mí ní bóyá o ń bù ú ní ìbù ahun. Bù ú kó kún! Ojú ló ń kọ́kọ́ jẹun."

Mo bù ú kó kún. Màmá wo òkìtì ìrẹsì náà bí ẹni tí wọ́n ní kó gun òkè. Ṣíbí kan péré ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Denise dé ní ọjọ́rú, ó gbé òṣùwọ̀n jáde láti bálùwẹ̀, ó ní kí ìyá òun gun orí rẹ̀. Ó wo ohun tó kà, ó mí kanlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ o. Bí kò bá yí padà kí ọdún Ìdúpẹ́ oṣù kọkànlá tó dé, màá mú yín lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹ má bínú, Mọ́mì. N kò lè pàdánù ẹ̀yin náà."

 Màmá mú pépà ìnuwọ́, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ po títí ó fi kéré bí ẹ̀kánná. Lójú fèrèsé lẹ́yìn wọn, mo rí ọgbà tí Walter gbìn àti ìjókòó tí àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mú ìyá yìí kúrò, ẹja mi àti ìrẹsì mi kò sì lè dá a dúró.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ mú lẹ́tà nínú àpótí tó wà lẹ́bàá títì. Nígbà tí mo padà wọlé, mo bá Màmá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì jọ síwájú àyà bí ẹni tó di nǹkan mú, àtàǹpàkò wọn sì ń rìn jẹ́jẹ́ lórí etí abọ́ tí kò sí níbẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

"Kò sí nǹkan, Sensei. Mo ń kí àwọn abọ́ mi ni." Wọ́n rọra sọ ọwọ́ sílẹ̀. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tí mo bá mú abẹ́rẹ́. Kì í gbọ̀n tí mo bá mú abọ́. N kò ní fọ́ wọn."

"Ta ló ní ẹ ó fọ́ wọn?"

"Ẹ ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ mi. Mo rò pé Denise ló ní kí ẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, kí ẹ máa fún mi ní ike bí ọmọdé."

Mo jókòó. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe. Nílùú tiwa, ohun tó bá dára, inú dígí là ń fi sí."

Wọ́n ronú sí i. "Báwo lẹ ṣe wá ń fi jẹun?"

"A kì í fi jẹun."

"Ta ló ń fi jẹun?"

"Àlejò pàtàkì."

"Àlejò náà, ṣé ó máa ń wá?"

Kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú gbogbo ọdún tí a fi ń nù ún. Ẹ̀rín gbé mi. Mo fẹ́ pa á mọ́ra, kò ṣe é pa mọ́ra. Màmá wò mí, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?" ni mo bi wọ́n.

"A kì í tọ́ tíṣà sọ́nà."

"Ẹ̀yin Màmá, tíṣà gan-an ló yẹ kí a máa tọ́ sọ́nà jù. Àwa ni a kì í dákẹ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn."

Mo tú kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára okùn mi, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ọwọ́ méjèèjì náà ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n to gbogbo abọ́ náà sórí tábìlì, wọ́n sì mú èyí tó kéré, aláwọ̀ eérú. Tiwọn nìyẹn.

"Ẹ mú tiyín, Sensei."

"Tèmi? Àwo ike mi wà ní ilé ìdáná."

"Ẹni tó bá ń jẹun nínú ilé ní abọ́ tirẹ̀. Ẹ yàn án."

Èmi tí mo fẹ́ràn oúnjẹ, mo wò wọ́n dáadáa, mo sì mú èyí tó tóbi jù. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú. Abọ́ Walter ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ kíákíá, wọ́n dá mi dúró. "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ to abọ́ síwájú Walter, òun náà kò wo òmíràn."

Wọ́n wá kọ́ mi bí a ṣe ń jẹun. A kì í fi abọ́ náà sílẹ̀ lórí tábìlì kí a sì máa tẹ orí lọ bá a. A máa ń gbé e sókè. Ìdí rẹ̀ á jókòó sórí ìka, àtàǹpàkò á wà létí rẹ̀. Ó ṣòro fún mi. Nílé wa, ọmọ tó bá gbé abọ́ sẹ́nu, ìgbátí ló ń bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e, mo rí i pé ó gbóná níwọ̀nba, pé ó wúwo níwọ̀nba, àti pé ibi tí mo rò pé ó wọ́ gan-an ni àtẹ́lẹwọ́ mi wọ̀ sí. Amọ̀kòkò yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Òbìrípo tó gún régé kì bá tí ní ibi kankan fún ọwọ́ mi.

Mo fẹ́ bu ìrẹsì kún abọ́ Màmá bí Ìyá Rẹ̀mí ti wí. Wọ́n fi ọwọ́ bò ó. "Díẹ̀ ni, Sensei. Abọ́ tó kún kò ní ibi tí a ó ti dì í mú. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, màá béèrè."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na abọ́ náà sí mi.

"Díẹ̀ sí i."

Mo ti gba ẹ̀bùn ńlá lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi nílé. Kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó abọ́ òfìfo yẹn.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ohun tó ń jẹ́ kí ibì kan di ibi ẹni. Nílé, mo rò pé kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́ ni, kí wọ́n lè sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́. Ní Maryland, ẹnì kankan kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà sí Fort Washington ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, abọ́ mi á wà ní ìdojúdé létí sínkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá. Kò sí ẹlòmíràn tó fi jẹun ní Sátidé. Mo mú àṣà náà lọ sí Lanham pẹ̀lú. Mo ra abọ́ lásán ní ilé ìtajà, mo ní kí Tósìn yan tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sáré wọ ilé ìdáná ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tó ké pé, "Grandma, abọ́ mi dà?" Kúnlé jáde láti bálùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lágbọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ náà fi Yorùbá bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ó kù díẹ̀ kí n tún un ṣe pé "Ìyá àgbà" ni, kì í ṣe "Grandma". Mo pa ẹnu mọ́. Ìṣẹ́gun kan tó fún ọjọ́ kan.

Ọdún Ìdúpẹ́ dé. Denise gbé tòlótòló ọdún wọlé, ó sì bá wa nídìí tábìlì, èmi àti ìyá rẹ̀, tí kálukú gbé abọ́ lọ́wọ́. Ó dúró gbọnin.

"Ta ló fún wọn ní abọ́ Dádì?"

 Màmá kò yí orí padà. "Àwọn ló mú un. Ojú wọn tóbi bíi ti bàbá rẹ."

Denise kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí, ó ń wo abọ́ náà. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, pé ilé ìtọ́jú ti gba Màmá, èmi náà sì ti padà sọ́dọ̀ fíríìjì. Màmá jẹ èyí tó wà nínú abọ́ wọn tán, wọ́n nà án sí mi.

"Díẹ̀ sí i, Sensei."

Mo bù ú. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún nà án.

"Díẹ̀ sí i."

Denise gbé tòlótòló kalẹ̀ sórí àga. Ó lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó na ọwọ́ dé ẹ̀yìn pátápátá, ó mú abọ́ kékeré kan jáde, ìlà aró kan yí i ká. Abọ́ ìgbà tó wà lọ́mọdé ni. "Kí ló dé tí n kò fi rí èyí mọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Nítorí pé o kì í jókòó," ni Màmá dá a lóhùn. "Orí ìdúró lo máa ń wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó, ó na abọ́ kékeré náà sí mi. Kò lọ gbé òṣùwọ̀n jáde lọ́jọ́ náà, kò sì dárúkọ ilé ìtọ́jú mọ́.

Màmá máa ń béèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí bóyá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tóbi tàbí ó kéré. Mo ní ó kéré, ṣùgbọ́n ó lágbára. Wọ́n mú abọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan tó ń lọ sílé ló bá mi gbé e. Mo kọ ìwé sí i pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ìrẹsì sè é, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe ìkòkò tuntun kó má baà máa fa ọbẹ̀ mu.

"Ó dé o!" ni ẹ̀gbọ́n mi wí lórí tẹlifóònù. "Ó dára, àbí o ò rí i pé ó wọ́ díẹ̀ ni?"

"Ó wọ́. Kò burú. Kí lẹ fi jẹ nínú rẹ̀?"

Wọ́n ní Ìyá Rẹ̀mí ń kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ gbé e sí?"

"Inú dígí ni, níwájú ohun èlò tíì rẹ. Mo tì í dáadáa."

Mo ti múra láti fi wọ́n ṣẹ̀rín. "Àlejò wo ni ó ń dúró dè?"

"Ìwọ ni. Ìgbà tí o bá dé, inú rẹ̀ ni màá ti fún ọ lóúnjẹ."

Kò sí ẹ̀rín lẹ́nu mi mọ́.  Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè mí kí ẹ tó jẹun. Ẹ ṣí i. Bí mo bá dé, abọ́ tèmi á wà lọ́wọ́ mi."

Ìpè tó tẹ̀ lé e, Fort Washington ni mo ti pè. Màmá jókòó tì mí. Mo gbọ́ ariwo ńlá kan lórí wáyà, fíìì, bí ẹni tó ń fa nǹkan gbígbóná mu.

"Kí nìyẹn?"

"Ògì mi ni. Mo gbé abọ́ náà wá kí o lè gbọ́ ọ. Ìyá Rẹ̀mí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo gbé oúnjẹ wá sílé onílé." Wọ́n tún fà á. "Ṣé ò ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́."

Mo gbé tẹlifóònù sí etí Màmá. Wọ́n fetí sílẹ̀, wọ́n tẹrí ba fún tẹlifóònù náà, wọ́n ní kí n béèrè bóyá abọ́ náà bá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mu.

"Sọ fún un pé ó bá a mu," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Dúró ná, má tíì gé e. Ó ti tán. Ìyá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ògì ṣì wà lórí iná yín? Ẹ bá mi bu díẹ̀ sí i."